Ṣọ́ọ̀kì iwájú máṣíìnì àtijọ́ tó ń tẹ̀ wọlẹ̀, tó sì ń gbáni lápá: bí ẹ ṣe lè tún un ṣe láti inú

Ìbéèrè kan wà tí àwọn tó ní máṣíìnì àtijọ́ ní Abẹ́òkúta ń bi wá léraléra: "Bí mo bá fa bíréèkì iwájú nígbà tí mò ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Láfẹ́nwá, gbogbo orí máṣíìnì á tẹ̀ wọlẹ̀. Bó bá wá jìn sí kòtò, háńdù á gbá mi lápá bí ẹni pé kò sí ṣọ́ọ̀kì níbẹ̀ rárá. Ṣé kí n da ọ́ìlì tó ki sí i?"

Ẹ má tíì dà á. Ọ́ìlì tó ki lè dín ìtẹ̀wọlẹ̀ yẹn kù díẹ̀, ṣùgbọ́n kòtò á wá gbá yín ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ohun tó ń há ni kí ẹ kọ́kọ́ bójú tó, kí ẹ tó kan sípíríǹgì, kí ẹ tó kan ọ́ìlì. Ihò tí ọ́ìlì ń gbà kọjá ló kẹ́yìn. Ẹni tó bá ti ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ á tú ṣọ́ọ̀kì yẹn lẹ́ẹ̀mejì.

## Ṣé irú ṣọ́ọ̀kì yín nìyí?

Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún ṣọ́ọ̀kì ẹlẹ́sẹ̀ méjì gígùn, irú èyí tó wà lára Honda CG125, Honda XL185S, Suzuki AX100 tàbí Yamaha DT175. Ẹ wo ìdí ẹsẹ̀ ìsàlẹ̀ kọ̀ọ̀kan láti abẹ́. Bí ẹ bá rí bóòtù kan tí ihò orí rẹ̀ ní igun mẹ́fà, tí wọ́n ń fi Allen key tú, ọ̀pá inú, ìyẹn ọ̀pá oníhò tí ọ́ìlì ń gbà kọjá, wà nínú tiyín nìyẹn.

Àwọn máṣíìnì àtijọ́ kan kò ní bóòtù ìsàlẹ̀ yìí. Ẹ lo apá síìlì, sípíríǹgì àti ọ́ìlì nínú ohun tí a kọ síbí, kí ẹ fo apá ihò. Honda C50, C70, C90 àti Vespa kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí rárá, torí ọ̀nà mìíràn ni ṣọ́ọ̀kì iwájú tiwọn gbà ń ṣiṣẹ́.

## Ìdí tí ọ́ìlì tó ki kò fi lè yanjú ẹ̀

Ọ̀pá inú ní ihò nísàlẹ̀, èyí tí ọ́ìlì ń gbà nígbà tí ṣọ́ọ̀kì ń wọlé. Ó tún ní ihò kéékèèké lókè, èyí tó ń fa ṣọ́ọ̀kì sẹ́yìn nígbà tó ń padà jáde kó má baà ta sókè bíi bọ́ọ̀lù. Ìwọ̀n àwọn ihò wọ̀nyí kì í yí padà. Bí ọ́ìlì bá sì fi ìlọ́po méjì yára kọjá nínú ihò tí kì í fẹ̀ sí i, agbára tí ihò fi ń dá a dúró á di ìlọ́po mẹ́rin.

Bí ẹ bá fa bíréèkì, ṣọ́ọ̀kì ń wọlé ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ọ́ìlì ń kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́, kò sí ohun tó dá a dúró, orí máṣíìnì á tẹ̀. Bí táyà bá kọlu etí kòtò, ìwọlé yẹn yára gan-an. Ọ́ìlì kò ráàyè kọjá, ṣọ́ọ̀kì á le gbagidi, apá yín ló máa jẹ ìyà rẹ̀. Ọ́ìlì tó ki ń mú ìṣòro kejì burú sí i bó ti ń dín èkíní kù.

## Ẹ wádìí kí ẹ tó tú u

1. Ẹ gbé táyà iwájú kúrò nílẹ̀. Àpótí igi tó lágbára ni kí ẹ fi ti abẹ́ ẹ́ńjìnì, kì í ṣe abẹ́ sàláńsà. Ẹ di ẹ̀yìn máṣíìnì mọ́lẹ̀ kó má baà yí.
2. Ẹ di ẹsẹ̀ ìsàlẹ̀ méjèèjì mú, kí ẹ tì wọ́n síwá sẹ́yìn. Bí ó bá ń mì, ẹ wò ó dáadáa bóyá bọ́ọ̀lù ọrùn háńdù ló jẹ tàbí ẹsẹ̀ ṣọ́ọ̀kì fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀kì tí wọ́n ti tú palẹ̀ lásán, bọ́ọ̀lù ọrùn ló ń yọ wọ́n lẹ́nu.
3. Ẹ wọn apá ọ̀pá dídán tó hàn nígbà tí táyà kò kan ilẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.
4. Ẹ sọ máṣíìnì kalẹ̀, kí ẹni tó ń gùn ún jókòó sórí rẹ̀ bó ṣe máa ń jókòó. Kí ẹlòmíràn tẹ iwájú wọlẹ̀ díẹ̀, kó jẹ́ kó padà fúnra rẹ̀ ní pẹ̀lẹ́, kó sì wọ̀n ọ́n. Lẹ́yìn náà, kó gbé iwájú sókè díẹ̀, kó jẹ́ kó sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀, kó tún un wọ̀n.
5. Ẹ ro ìwọ̀n méjì yìí pọ̀, kí ẹ pín in sí méjì, kí ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ti nọ́ńbà 3. Iye tó kù ni ṣọ́ọ̀kì fi ń jókòó.

Ìjókòó tó dára jẹ́ ìdá mẹ́rin sí ìdá mẹ́ta gbogbo ìrìn ṣọ́ọ̀kì. Bí ṣọ́ọ̀kì bá ń rìn ní 120 mm, 30 sí 40 mm ló yẹ kó fi jókòó.

Ẹ má fojú fo ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìwọ̀n méjèèjì inú nọ́ńbà 4. Bí ó bá ju 15 mm lọ, nǹkan kan ń há: ọ̀pá tó tẹ̀, síìlì tó gbẹ, tàbí táyà tí wọ́n dè wọ́ọ́kú. Kò sí ọ́ìlì tó máa wo ìyẹn sàn.

## Ohun tí ẹ máa nílò

- Allen key tó bá bóòtù ìsàlẹ̀ mu, tó gùn, tí kò tíì jẹ
- Sókẹ́ẹ̀tì tàbí spánà fún ìdérí òkè
- Ọ́ìlì síìlì 2 àti ìbòrí eruku 2
- Wásà kọ́pà tuntun 2 fún bóòtù ìsàlẹ̀
- Ọ́ìlì ṣọ́ọ̀kì lítà 1
- Síríńjì 60 mílílítà láti ọ̀dọ̀ oníkẹ́míìsì, pẹ̀lú ọ̀pá rọ́bà dírípù
- Sáńdípépà nọ́ńbà 1000 àti 2000
- Kẹrosíìnì, àkísà tó mọ́, gíríìsì
- Páìpù omi PVC tó nípọn. Páìpù wáyà iná kò tó, á fọ́
- Loctite, ìyẹn gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń di okùn bóòtù

Lára síìlì, nọ́ńbà mẹ́ta ló wà: fífẹ̀ inú, fífẹ̀ ìta, nínípọn. Bí wọ́n bá kọ 31×43×10.3, ọ̀pá 31 mm ló wà fún. Ẹ mú ti àtijọ́ dání lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń ta ẹ̀yà. Ẹ má gba "ó jọra" lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Síìlì tó fi mílímítà 1 yàtọ̀ máa jò.

## Títú u

1. Ẹ yọ wáyà bíréèkì àti ti sípídómítà, kí ẹ yọ táyà, kí ẹ yọ mọ́gádì.
2. Ẹ dẹ bóòtù ìdìmú òkè nìkan. Nígbà tí ìdìmú ìsàlẹ̀ ṣì di ọ̀pá mú, ẹ fọ́ ìdérí òkè lójú, ìyẹn ni pé kí ó yí díẹ̀ péré. Bí ẹ bá yọ ọ̀pá kúrò lára máṣíìnì kí ẹ tó ṣe èyí, kò ní sí ohun tó máa dì í mú fún yín.
3. Kí sípíríǹgì tó jáde ni kí ẹ fọ́ bóòtù Allen ìsàlẹ̀ lójú. Sípíríǹgì ló ń tẹ ọ̀pá inú mọ́lẹ̀ kó má baà yí tẹ̀ lé bóòtù. Kíkọ́kọ́ yọ sípíríǹgì ni àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù nínú gbogbo iṣẹ́ yìí.
4. Ẹ dẹ ìdìmú ìsàlẹ̀, kí ẹ fa ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan jáde. Ẹ kọ Ọ̀TÚN àti ÒSÌ sára wọn.
5. Ẹ fi àkísà bo ìdérí òkè, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ bí ẹ ti ń yí i. Ẹ má gbé ojú sókè rẹ̀. Sípíríǹgì tó wà lábẹ́ rẹ̀ lè ta á jáde.
6. Ẹ da ọ́ìlì sínú ike tó ní àmì ìwọ̀n. Ẹ kọ iye tó jáde ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, kí ẹ sì wo àwọ̀ rẹ̀. Bó bá funfun bíi mílíìkì, omi ti wọ ibẹ̀.
7. Ẹ yọ bóòtù ìsàlẹ̀ tán. Bí ọ̀pá inú bá ń yí tẹ̀ lé e, ẹ gbẹ́ orí igi ìgbálẹ̀ ní ṣóńṣó, ẹ tì í wọ inú láti òkè, kí ẹnì kan fi agbára tẹ̀ ẹ́ bí ẹ ti ń yí bóòtù.
8. Ẹ yọ ìbòrí eruku àti lọ́ọ̀kì wáyà tó di síìlì mú, kí ẹ fa ọ̀pá dídán jáde. Ẹ fi irin pẹlẹbẹ tí ẹ fi àkísà wé hú síìlì jáde. Ara ẹsẹ̀ ìsàlẹ̀ rọ̀, súkúrúdíráfà lásán máa fà á ya.

Ẹ fi kẹrosíìnì fọ gbogbo rẹ̀, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ tán. Ẹ má fi pẹtiróòlù fọ̀ ọ́ nínú ilé.

## Ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ yẹ̀ wò

Ọ̀pá dídán. Ẹ yí i lórí gíláàsì tó tẹ́jú dáadáa. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ń yọ lábẹ́ rẹ̀ níbì kan ṣoṣo, ó ti tẹ̀. Èyí tó tẹ̀ díẹ̀, oníṣẹ́ tó ní ẹ̀rọ ìtẹ̀ lè nà án. Èyí tó ti ṣẹ́ po tàbí tó ní ìlà níbi tó ti tẹ̀, ẹ sọ ọ́ nù. Ìpẹtà kéékèèké níbi tí síìlì ń gbà ni kí ẹ fi sáńdípépà 1000 fọwọ́ rà ní yíyípo, kí ẹ fi 2000 parí rẹ̀. Bí èékánná yín bá ṣì ń kọ́ níbẹ̀, síìlì tuntun kò ní pẹ́ kó tó máa jò.

Sípíríǹgì. Ẹ to méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Bí ọ̀kan bá kúrú ju èkejì lọ, méjèèjì ni kí ẹ pààrọ̀.

Òrùka orí ọ̀pá inú. Bí ó bá ti jẹ tàbí tó fọ́, ọ́ìlì á máa gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, gbogbo ohun tí ẹ bá ṣe sí ihò á wá di asán.

## Sípíríǹgì ló ṣáájú ọ́ìlì

Bí ìjókòó bá pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ gé páìpù PVC kí ẹ fi lé orí sípíríǹgì, pẹ̀lú wásà irin pẹlẹbẹ lókè àti nísàlẹ̀ rẹ̀. Mílímítà 10 tí ẹ bá fi kún páìpù ní ẹsẹ̀ méjèèjì máa dín ìjókòó kù ní nǹkan bíi 10 mm. Ẹnu páìpù gbọ́dọ̀ gún régé. Èyí tí wọ́n gé ní ìdábùú á tì sípíríǹgì sẹ́gbẹ̀ẹ́, á sì máa ha ara ọ̀pá.

Bí ó bá di pé ẹ nílò ju 30 mm àfikún lọ, sípíríǹgì yín ti rọ̀ jù. Ẹ wá èyí tó le. Bí kò bá sí, ẹ lè gé òrùka díẹ̀ kúrò lára rẹ̀: sípíríǹgì tó kúrú máa ń le sí i. Èyí tó ní òrùka 50, bí ẹ bá gé 5 kúrò, líle rẹ̀ á fi nǹkan bí 11 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i. Ẹ fi páìpù dí àyè ibi tí ẹ gé. Ẹ lọ ojú tí ẹ gé kó tẹ́jú, kí ẹ sì máa da omi sí i bí ẹ ti ń lọ̀ ọ́, nítorí iná máa ń ba líle irin jẹ́.

Rọ́bà tàbí igi tí àwọn kan ń kì sínú ṣọ́ọ̀kì kó lè ga, ẹ má ṣe é. Ó máa ń fọ́ wẹ́wẹ́, á sì dí ihò ọ̀pá inú.

## Ọ̀nà mẹ́ta sí ìdádúró tó dára

### Ọ̀nà kìíní: ọ́ìlì tó tọ́ nìkan

Fún ẹni tó ń gun máṣíìnì rẹ̀ jẹ́jẹ́ nínú ìlú, èyí máa ń tó. Ọ́ìlì ṣọ́ọ̀kì 10W ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ (nọ́ńbà yìí ló ń sọ bí ọ́ìlì ṣe ki tó). Bí ẹ kò bá rí i, ATF, ìyẹn ọ́ìlì tí wọ́n ń dà sí gíà ọkọ̀ automatic, sún mọ́ ọn gan-an, òun gan-an sì ni Honda kọ sínú ìwé ọ̀pọ̀ máṣíìnì rẹ̀ àtijọ́.

Ọ́ìlì ẹ́ńjìnì 40 ti ki jù. Ọ́ìlì bíréèkì kò yẹ kó wọ ibẹ̀ láé, ó máa ń ba síìlì jẹ́, ó sì máa ń ṣí ọ̀dà kúrò lára irin. 10W ilé iṣẹ́ kan lè ki ju ti òmíràn lọ, nítorí náà ẹ má pààrọ̀ irú ọ́ìlì láàárín ìdánwò kan sí èkejì. Bí ẹ bá fẹ́ 15W, ẹ da ìlàjì 10W pọ̀ mọ́ ìlàjì 20W ti ilé iṣẹ́ kan náà.

### Ọ̀nà kejì: fífẹ ihò díẹ̀ pẹ̀lú ọ́ìlì tó ki díẹ̀

Èyí ni a máa ń dámọ̀ràn jù fún àwọn máṣíìnì kéékèèké tó ń gba ọ̀nà tó kún fún kòtò. Ẹ fẹ ihò ìsàlẹ̀ kí kòtò má baà gbáni mọ́, lẹ́yìn náà ẹ lo 15W kí ìpadà má baà yára jù. Ihò òkè kò yí padà, nítorí náà ọ́ìlì tó ki yẹn níbẹ̀ gan-an ló ti máa hàn.

1. Ẹ di ọ̀pá inú mọ́ fáìsì pẹ̀lú igi méjì láàárín, kó má baà tẹ̀ pẹlẹbẹ.
2. Ẹ fi dírílì wọn ihò ìsàlẹ̀: èyí tó bá wọ ibẹ̀ wẹ́kú ni ìwọ̀n rẹ̀.
3. Ẹ fi 0.5 mm péré kún un, fún ọ̀pá méjèèjì. Ẹ dì í padà, kí ẹ gùn ún, kí ẹ tó tún fi kún un.
4. Ẹ fi fáìlì yípo yọ gbogbo ẹnu mímú kúrò nínú àti lóde. Eérú irin tó bá ṣẹ́ kù síbẹ̀ máa jẹ ẹsẹ̀ ìsàlẹ̀ láti inú.

Ẹ ṣọ́ra. Ihò méjì tó jẹ́ 5 mm tẹ́lẹ̀, bí ẹ bá sọ ọ́ di 6 mm, àyè tí ọ́ìlì ń gbà á fi nǹkan bí 44 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i. Mílímítà kan ṣoṣo nìyẹn. Ihò tó bá ti fẹ̀ jù, ẹ máa nílò oníṣẹ́ irin láti dí i kí ẹ tó tún un lu.

Ẹ má fọwọ́ kan ihò òkè. Bí ẹ bá fẹ̀ ẹ́, iwájú á máa ta sókè lẹ́yìn gbogbo gégélé tí ẹ bá gùn.

### Ọ̀nà kẹta: Cartridge Emulator

Ẹ̀yà kékeré kan ni èyí (ti ilé iṣẹ́ Race Tech ló gbajúmọ̀ jù), tó ń jókòó lórí ọ̀pá inú, tí sípíríǹgì ṣọ́ọ̀kì sì ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Sípíríǹgì kékeré tó wà lára rẹ̀ ń di ọ́ìlì mú nígbà tí ìwọlé ṣe jẹ́jẹ́, ó sì ń ṣílẹ̀kùn fún un nígbà tí kòtò bá dé. Ìdí nìyí tó fi ń yanjú ìṣòro méjèèjì pa pọ̀.

Ẹ wọn inú ọ̀pá dídán yín kí ẹ tó rà á. Wọn kì í ṣe é ní gbogbo ìwọ̀n, ọ̀pá tín-ín-rín ti àwọn máṣíìnì kékeré sì lè má rí tiẹ̀. Bí kò bá sí, ọ̀nà kejì ni kí ẹ lò.

1. Ẹ fẹ ihò ìsàlẹ̀ sí 8 mm, kí ẹ lu ihò tuntun lókè wọn títí tí gbogbo rẹ̀ á fi pé 6 ó kéré tán. Ẹ jẹ́ kí àárín ihò sí ihò tó 10 mm, kí ìran kọ̀ọ̀kan sì kọjú síbi tó yàtọ̀ sí ti èyí tó tẹ̀ lé e, kí ọ̀pá má baà ṣẹ́. Emulator ni á máa dá ọ́ìlì dúró báyìí, ihò kò ní ṣiṣẹ́ yẹn mọ́.
2. Ẹ fi ìyípo 2 bẹ̀rẹ̀ lórí bóòtù emulator, bí ìwé tó bá a wá kò bá sọ ohun mìíràn.
3. Ojú tí sípíríǹgì kékeré wà ló ń kọjú sókè. Ó gbọ́dọ̀ jókòó gúnrégé lórí ọ̀pá inú.
4. Ẹ gé iye tí emulator fi ga kúrò lára páìpù PVC yín. Àwọn tó bá gbàgbé èyí ló máa ń ráhùn pé ṣọ́ọ̀kì le ju irin lọ.
5. Ẹ lo 15W. Ìpadà nìkan ni kíki ọ́ìlì ń darí níbí.

## Dídì í padà

1. Ẹ ti ọ̀pá inú sínú ọ̀pá dídán láti òkè, kí ẹ fi ẹ̀yà ìdí rẹ̀ sí i, kí ẹ ti gbogbo rẹ̀ wọ ẹsẹ̀ ìsàlẹ̀.
2. Bóòtù ìsàlẹ̀: wásà kọ́pà tuntun, gọ́ọ̀mù bóòtù díẹ̀, kí ẹ sì fi agbára nǹkan bíi 20 Nm di bóòtù 8 mm. Ẹ fi sípíríǹgì àti ìdérí sí i fún ìgbà díẹ̀ kí ọ̀pá inú má baà yí.
3. Ẹ fi ọ̀rá bo ẹnu ọ̀pá dídán, ẹ fi gíríìsì pa ètè síìlì, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lórí ọ̀rá yẹn. Ojú tí sípíríǹgì tín-ín-rín wà ló ń kọjú sísàlẹ̀.
4. Ẹ fi páìpù PVC tó bá etí ìta síìlì mu lù ú wọlé jẹ́jẹ́ títí tí ihò lọ́ọ̀kì wáyà á fi hàn yípo. Ẹ fi lọ́ọ̀kì àti ìbòrí eruku sí i.

### Ọ́ìlì

Gíga ọ́ìlì ni kí ẹ wọ̀n, ẹ má gbára lé iye tí ẹ dà nìkan.

1. Ẹ yọ sípíríǹgì. Bí ẹ bá ń lo emulator, ẹ fi í sí àyè rẹ̀. Ẹ da ọ́ìlì sí i, kí ẹ fa ọ̀pá lọ sókè sódò nígbà mẹ́wàá títí afẹ́fẹ́ á fi tán.
2. Ẹ tẹ ọ̀pá wọlé pátápátá, kí ẹsẹ̀ dúró ṣánṣán.
3. Ẹ fi àmì sára ọ̀pá rọ́bà síríńjì ní gíga tí ẹ fẹ́, láti ẹnu ọ̀pá lọ sísàlẹ̀. Ẹ tì í wọlé dé àmì, kí ẹ fa ọ́ìlì títí afẹ́fẹ́ á fi bẹ̀rẹ̀ sí í jáde.

Ẹ lo gíga tó wà nínú ìwé máṣíìnì yín. Fún emulator, ẹ lè fi 140 mm bẹ̀rẹ̀. Bí ṣọ́ọ̀kì bá ń gbá ilẹ̀ nínú kòtò ńlá, ẹ fi 10 mm gbé ọ́ìlì sókè lẹ́ẹ̀kan. Afẹ́fẹ́ tó kù lórí ọ́ìlì ló ń ṣe bíi sípíríǹgì ní òpin ìrìn. Bí ọ́ìlì bá ga jù, kò ní sí àyè fún afẹ́fẹ́ mọ́, síìlì ló máa tú jáde. Ẹsẹ̀ méjèèjì gbọ́dọ̀ dọ́gba.

### Táyà àti ìdìmú

Ìkìlọ̀ fún bíréèkì dúrọ́ọ̀mù: ẹ rí i dájú pé ìkọ́ tó wà lára ẹsẹ̀ ìsàlẹ̀ wọ inú ihò àwo bíréèkì. Bí kò bá wọ ibẹ̀, àwo yẹn á yí tẹ̀ lé táyà ní ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹ bá fa bíréèkì, táyà á dúró gbagidi, ẹ ó sì ṣubú.

Ẹ di ìdìmú òkè pa, kí ẹ di ọ̀pá táyà wọ́ọ́rọ́ ná. Ẹ sọ máṣíìnì kalẹ̀, ẹ fa bíréèkì, kí ẹ tẹ iwájú wọlẹ̀ nígbà mẹ́fà tàbí méje. Ìgbà náà ni kí ẹ tó di ìdìmú ìsàlẹ̀, mọ́gádì àti bóòtù ọ̀pá táyà pa. Èyí ló ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ méjèèjì tò gbọọrọ. Ẹ má fi mọ́gádì tó ti tẹ̀ sí i padà. Ó lè fa ẹsẹ̀ méjèèjì mọ́ra, kó sì ba gbogbo iṣẹ́ yìí jẹ́.

## Ìdánwò

Ẹ kọ́kọ́ gùn ún ní pẹ̀lẹ́ níbi tí ọkọ̀ kò pọ̀ sí, kí ẹ wo bíréèkì àti jíjò. Lẹ́yìn náà ẹ yan ọ̀nà kan tó ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, gégélé àti kòtò, tí ẹ ó máa padà sí nígbà gbogbo. Abẹ́òkúta kò ṣàìní irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Ẹ pààrọ̀ ohun kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan.

- Ó ń tẹ̀ jù bí ẹ bá fa bíréèkì: ẹ tún ìjókòó wò. Bó bá dára, ẹ fi ìlàjì ìyípo kún emulator, tàbí kí ẹ gbé ọ́ìlì sókè 10 mm.
- Kòtò kéékèèké ń gbá yín lápá: ẹ wo ìháńhá kọ́kọ́. Lẹ́yìn náà ẹ dín ìyípo emulator kù, tàbí kí ẹ fẹ ihò ìsàlẹ̀ ní 0.5 mm.
- Iwájú ń fò lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lẹ́yìn gégélé: ọ́ìlì ti fẹ́lẹ́ jù, tàbí òrùka ọ̀pá inú ti jẹ.
- Ó ń kúrú sí i bí ẹ ti ń gba kòtò léraléra: kò rí àyè padà kí òmíràn tó dé. Ọ́ìlì ti ki jù.
- Ó ń dún kó bí táyà bá kúrò nílẹ̀: páìpù àfikún ti gùn jù, tàbí sípíríǹgì kékeré tó wà lábẹ́ orí ọ̀pá inú kò sí níbẹ̀ mọ́.
- Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló ń jò: ẹ wá ìpẹtà lára ọ̀pá yẹn kí ẹ tó bú síìlì.

Ẹ da ọ́ìlì àkọ́kọ́ nù lẹ́yìn nǹkan bí 1,000 kìlómítà, nítorí eérú irin àti ìdọ̀tí tó ti pẹ́ nínú ẹsẹ̀ á ti jáde sínú rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ti tó. Ìparí òjò ló dára jù láti ṣe é, torí ìgbà yẹn ni ẹ máa mọ̀ bóyá omi gba abẹ́ ìbòrí eruku wọlé.